A Gbé Ọkọ̀ Tó Ń Gbọ̀n Lọ sí Ìpẹ̀rú

Ẹ̀yin ará Ṣakí tí ẹ ti ń yà nílé wa láti ọjọ́ tí a ti dé, tí ẹ ń bèèrè ojú ọ̀nà, tí ẹ ń bèèrè Rẹ́mọ, tí ẹ sì ń yọjú wo ọkọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun, ẹ jẹ́ kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu ti ń ro mí. Bí ẹ bá bi Bàbá Tóyìn ọkọ mi, yóò ní ìrìn náà dára, àwọn ènìyàn ibẹ̀ dára, oúnjẹ wọn náà dára. Bí ó ṣe máa ń ròyìn ohun gbogbo nìyẹn, títí kan ìsìnkú. Èmi ni kí ẹ bi.

Nílé, "ẹ̀yin" ni mo fi ń pe ọkọ mi. Nínú ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó", kí ọwọ́ mi lè sinmi díẹ̀.

Gbogbo yín ni ẹ mọ ọkọ̀ náà, ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, tí ó ń pààrọ̀ gíà fúnra rẹ̀. Ó ti dàgbà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kan lẹ́yìn kò ṣeé ṣí láti inú mọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tèmi ń ṣí gbayawu, àga rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Láti ìgbà tí orúnkún mi ọ̀tún ti kọ̀ mí sílẹ̀, n kò lè gun ọ̀kadà mọ́, n kò sì lè gbé ẹsẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ yìí ló ń gbé mi lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, òun náà ló ń gbé mi lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìsẹ́yìn. Òun ni ẹsẹ̀ mi.

Ìgbà ọyẹ́ ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Bí a bá dúró tí a fẹ́ gbéra, yóò máa gbọ̀n rìrì bí ẹni tí ibà mú, títí yóò fi sáré díẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí a ń gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí Bíbélì fi bọ́ lórí itan mi. Tóyìn ọmọ wa tó wà l'Ékòó gbọ́ ọ nínú fóònù. Ó ní bí a kò bá rí ẹni tó lè wò ó sàn kí ọdún Àjíǹde tó dé, òun ń bọ̀ wá tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí n máa jókòó sílé jẹ́jẹ́, kí àwọn obìnrin ìpàdé máa wá kí mi. Bí ẹni ń fún mi lẹ́bùn ló ṣe sọ ọ́. Mo ní ó ṣeun. Inú mi bàjẹ́ kọjá àfẹnusọ, nítorí mo ti rí àwọn tí a ní kí wọ́n máa jókòó sílé jẹ́jẹ́, mo sì mọ bí ìkíni ṣe máa ń dínkù.

Nígbà náà ni Káyọ̀dé pè. Ẹ rántí Káyọ̀dé, àgùnbánirọ̀ tó gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé wa, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ọmọ Rẹ́mọ ni, kò sì kọ oúnjẹ rí. Kí n tó sọ pé "wá jẹun" tán, ó ti ń bu omi sọ́wọ́. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bóyá ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ nílé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí apá kan, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀. Ó ti di olùkọ́ ní yunifásítì kan tí ìjọ wọn dá sílẹ̀ lẹ́bàá Ìkẹ́nnẹ́, ìjọ àwọn tó ń sinmi lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní ọkùnrin kan wà ní Ìpẹ̀rú tí kò níṣẹ́ méjì ju irú gíà yìí lọ, kí a gbé e bọ̀.

*Ojú ọ̀nà*

Ojú ọ̀nà kò ní ìtàn púpọ̀. Níbi tí àwọn agbófinró bá ti dá wa dúró, bí wọ́n bá ní kí a máa lọ, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àánú wa á sì ṣe wọ́n. Ọ̀kan bi mí pé Bàbá ni ara wọn kò yá ni, àbí ọkọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọkọ̀ ná.

Nígbà tí a kọjá Abẹ́òkúta ni mo mọ̀ pé mo ti kúrò nílé. Àpáta wa ti tán nílẹ̀. Igi ló kù, obì àti kòkó, ewé wọn tutù bí ẹni pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ní Ìpẹ̀rú a dúró bèèrè ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí Káyọ̀dé ń gbé, lọ́wọ́ ìyá àgbàlagbà kan tó ń sá ẹ̀gẹ́. Rẹ́mọ pọ́ńbélé ló fi dá wa lóhùn, mo sì gbọ́ ìdajì. Bàbá Tóyìn kò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń mi orí, ó ń dúpẹ́, ó ń ṣàdúrà fún un. Nígbà tí a ṣí, ó bi mí pé apá ọ̀tún ni màmá ní kí a gbà ni, àbí òsì.

*Ìdérí ìkòkò*

Ìkẹ́nnẹ́ mọ́ tónítóní, ó sì dákẹ́. Ilé Káyọ̀dé ní òdòdó níwájú. Bùnmi ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ gan-an, kúnlẹ̀ kí wa, ó gba wàrà tí a gbé wá lọ́wọ́ wa, ó sì ní, "Mọ́mì, Dádì, mo se ìkọ́kọrẹ́. Ṣé kí n bu tiyín wá?"

Àárọ̀ ni a ti jẹun gbẹ̀yìn. Òórùn ẹja gbígbẹ ti gba gbogbo ilé kan. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ dé ilé onílé tí yóò ní ebi ń pa òun? Bàbá Tóyìn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, a ti yó. Èmi náà ní ikùn wa kún. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílé wa, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìkíni ni "rárá" àkọ́kọ́, ìtìjú ni ìkejì, nígbà tí wọ́n bá sì fi bẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, wàá ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n bu díẹ̀ wá.

Bùnmi ní, "Ó dáa, Mọ́mì." Mo gbọ́ nígbà tó dé ìkòkò.

A jókòó, a ń retí. Ó gbé omi tútù wá. Ó bèèrè ará ilé, ó bèèrè orúnkún mi. Kò bèèrè ikùn mi mọ́. Kúlíkúlí tó wà nínú báàgì mi ni a fi sùn, a rọra ń rún un bí eku kí wọ́n má baà gbọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún ní ṣé kí òun gbé e kaná. Bàbá Tóyìn tún ti la ẹnu, ó ti dé "má yọ ara". Mo rí ọwọ́ ọmọbìnrin yìí tó ń padà lọ sórí ìdérí. Mo ní, "Bùnmi ọmọ mi, bu tèmi wá, kí ó kún." Ọkọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo fa ẹsẹ̀ mi kúrò.

Ẹ̀yin ará ilé, lọ́dọ̀ wa, ìgbà tí iṣu bá já wa kulẹ̀ ni à ń rántí ewùrà. Ní Rẹ́mọ, ewùrà ni ọba. Wọn a rin ín, wọn a sè é pẹ̀lú epo, ata àti ẹja gbígbẹ, á rọ̀ múlọ́múlọ́, á sì tún ní kókó kéékèèké tí eyín máa ń bá ṣeré. Mo jẹ ẹ́ tán. Ọkọ mi ní kí òun kàn tọ́ ọ wò nínú tèmi. Ó tọ́ ọ wò títí a fi rí ìsàlẹ̀ abọ́.

Ibi tí mo ti ń lá ṣíbí ni Káyọ̀dé ti wọlé, ìyàwó rẹ̀ bi í ṣé yóò jẹun, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó jókòó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó yé mi. Ọmọ yẹn kì í ṣe ọ̀kánjúwà nígbà tó wà lọ́dọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó bi í lẹ́ẹ̀kejì rí nílé wọn ni. Bóyá gbogbo Rẹ́mọ ló rí bẹ́ẹ̀, bóyá ilé yìí nìkan ni, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí o bá sọ fún wọn ni wọ́n máa gbà.

*Lọ́dọ̀ Ọ̀gá Rótìmí*

Káyọ̀dé mú wa lọ sí Ìpẹ̀rú ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì náà. Mo ti rò pé ilẹ̀ elépo ni a ó bá, bíi tàwọn mẹkáníìkì wa. Ilẹ̀ tí wọ́n gbá ni a bá, àwọn gíà tí wọ́n tú sì wà lórí pẹpẹ, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n bí ẹni bo búrẹ́dì. Ọ̀gá Rótìmí fúnra rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí Bàbá Tóyìn máa wakọ̀ lọ, òun bọ́ sẹ́yìn, ó di ojú. Ọkọ mi wo dígí, ó fọwọ́ tọ́ mi, ó ní ọkùnrin yìí mà ti sùn. Ọ̀gá Rótìmí kò la ojú, ó ní òun ń gbọ́.

Nígbà tí a padà, ó fi jáákì gbé ọkọ̀, ó tú nọ́ọ̀tì kan lábẹ́ gíà, ó gba ọ́ìlì díẹ̀ sórí aṣọ funfun. Ọ́ìlì náà ti dúdú. Ó fi ìka ra á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wá kọjú sí ọkọ mi.

"Dádì, ta ló fọwọ́ kan gíà yìí gbẹ̀yìn?"

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án rí," ni Bàbá Tóyìn wí. "Bí a ṣe rà á náà ló wà." Ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tún bọ́ sórí tèmi.

Mùfú, mo mọ̀ pé ìwọ náà yóò ka ìwé yìí. Má bínú, nítorí a ti sọ ọ́ lójú rẹ kí n tó kọ ọ́. Mùfú ni mẹkáníìkì wa, bàbá rẹ̀ àti ọkọ mi jọ dàgbà ni. Ní ọdún tuntun, ó fẹ́ ṣe wá lóore. Ó ní ọ́ìlì gíà náà ti pẹ́, ó dà á nù, ó sì rọ ọ́ìlì pupa sí i, èyí tí gbogbo ọkọ̀ tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì ń mu nílùú wa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọkọ mi mọ̀, èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n kí a dé iwájú ará Rẹ́mọ kí a wá máa ka àṣìṣe ọmọ wa? Ní ojú Bàbá Tóyìn, títa ará ilé lọ́pọ̀ nìyẹn.

Ọ̀gá Rótìmí gba ohun tí wọ́n sọ fún un gbọ́. Ó ní bó bá jẹ́ pé ọ́ìlì yìí ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀, ó ti jẹ bẹ́líìtì inú gíà tán nìyẹn, ọ́ìlì tuntun kò lè ṣe nǹkan kan fún un. Òun kò ní tàn wá. Kí a wá gíà tòkunbọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n fún ọkọ̀ tó dàgbà tó báyìí, bó bá jẹ́ ti bàbá òun ni, òun á ní kí wọ́n tà á nígbà tó ṣì ń rìn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́.

Ọkọ mi ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. A dúpẹ́ o." Ẹ gbọ́ o, ó dúpẹ́.

Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ọ̀gá Rótìmí wo ojú ọ̀run, ó fi sípánà lélẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Oòrùn ti ń wọ̀. Ìjọ kan náà ni òun àti Káyọ̀dé, láti ìwọ̀ oòrùn ọjọ́ Ẹtì títí di ìwọ̀ oòrùn Sátidé, wọn kì í ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Mo ní ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ di ọ̀la. Bí a ṣe fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí jáákì nìyẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè, bíi tèmi gẹ́lẹ́.

*Ọjọ́ ìsinmi*

Àwa Onítẹ̀bọmi a máa sinmi lọ́jọ́ Sunday, a sì tún máa ka iye àwọ̀ gèlè tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìsinmi tiwọn yàtọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ti se oúnjẹ, tí wọ́n ti lọ aṣọ. Ní ìsìn, wọ́n ní kí àlejò dìde, ọkọ mi dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ìjọ títí alága fi tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè jókòó. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n bi wá ṣé a ó jẹun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀. Mo ti ń kọ́ èdè wọn.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ti pe orúkọ ọkọ̀, Káyọ̀dé á kàn wo ojú fèrèsé, á wo ibi tí oòrùn dé, á sì bi mí léèrè àwọn ará Ṣakí. Ọ̀rọ̀ ń ho nínú mi bí omi ẹ̀kọ. Nígbà tí a wọ yàrá lọ sinmi, mo kọjú sí ọkọ mi.

"Bàbá Tóyìn, ẹ sọ fún ọkùnrin yẹn pé Mùfú ti yí ọ́ìlì gíà."

"Ìyá Tóyìn, ṣé kí n máa fi ọmọ ọlọ́mọ ṣẹ̀sín lójú àlejò ni?"

"Ta ló máa wá gbé mi lọ sí Ìsẹ́yìn?"

Ó fẹ́ràn mi, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní, "Ó yẹ kó tún bi mí ni. Bó bá bi mí lẹ́ẹ̀kejì, màá sọ díẹ̀ fún un. Lẹ́ẹ̀kẹta, màá sọ gbogbo ẹ̀."

Mo wò ó. Ọkùnrin tí mo fẹ́ láti kékeré, tó ń retí kí wọ́n fi ìbéèrè bẹ òun bí oúnjẹ.

"Wọn kì í bèèrè lẹ́ẹ̀kejì níbí," mo ní. "Ṣé ẹ ti gbàgbé ìkọ́kọrẹ́ ni?"

Nígbà tí oòrùn wọ̀, Ọ̀gá Rótìmí yà kí wa. Ó mu omi, ó sọ̀rọ̀ òjò. Ọkọ mi fà mọ́ etí àga, ó ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń retí ìbéèrè. Ìbéèrè kò wá. Ọkùnrin náà dìde, ó ní bí ilẹ̀ bá mọ́ òun á sọ ọkọ̀ kalẹ̀ fún wa, kí a lè tètè kọrí sílé.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó sọ ọ́. "Ọ̀gá, wọ́n ti fọwọ́ kan gíà yẹn. Ní ọdún tuntun ni. Ọ́ìlì pupa ni wọ́n rọ sí i, ẹ̀yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n."

Bàbá Tóyìn tẹ orí ba. Lẹ́yìn náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í, ó ní, "Mùfú ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni."

Ọ̀gá Rótìmí padà wá jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Dádì, ẹ má bá a wí o. Èmi náà ti rọ ọ́ rí, sí ọkọ̀ pásítọ̀ wa." Ó ní ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Gíà yìí ní ọ́ìlì tirẹ̀, kì í mu ti ẹlòmíràn, bó bá sì mu ún, bẹ́líìtì rẹ̀ á máa yọ̀, á máa gbọ̀n. Ó lè jẹ́ pé kò tíì kú. Òun kò ṣèlérí, ṣùgbọ́n òun á gbìyànjú.

*Òkè Ìpẹ̀rú*

Ọ̀dọ̀ obìnrin kan ní Ìjokú, ní Ṣàgámù, ni wọ́n ti ń ta ojúlówó ọ́ìlì náà. Sunday ti mọ́, obìnrin náà sì jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Ó ti lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdúpẹ́ ìdílé kan wà lọ́jọ́ náà, ẹ sì mọ bí ìdúpẹ́ ṣe máa ń rí. Ọkọ mi ní láàárín Rẹ́mọ, ọkọ̀ wa ti pa ọjọ́ ìsinmi méjì mọ́, ó ti wọ ọ̀run jù wá lọ.

Nígbà tí ọ́ìlì dé, Ọ̀gá Rótìmí da èyí tó dúdú nù, ó rọ tuntun, ó ní kí a wọlé. Mo gbé Bíbélì mi lé itan, mo fi sí etí orúnkún, bí mo ṣe máa ń gbé e lọ́jọ́ ìpàdé. A gbéra. Ọkọ̀ gbọ̀n. Kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ̀n, mo sì fi ọwọ́ di Bíbélì mú. Mo ti ń wo ara mi lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí mo ń ka àwọn tó ń kọjá.

Ọ̀gá Rótìmí ní ti àtijọ́ ló ṣì fara pamọ́ sínú gíà, kì í jáde tán lẹ́ẹ̀kan. Ó tún da gbogbo rẹ̀ nù, ó tún rọ òmíràn. Lẹ́yìn náà ló wa ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ dé ibi tí ọ̀nà ti gòkè, ó dúró pátápátá ní àárín òkè, ó yíjú sí mi pé, "Mọ́mì, ẹ yọ ọwọ́ yín kúrò lórí Bíbélì." Mo yọ ọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì.

Ọkọ̀ náà gòkè bí ẹni ń yọ́ rìn. Bíbélì kò mira.

Mo sunkún, n kò ní fi pamọ́ fún yín. Bàbá Tóyìn ń sọ fún Ọ̀gá Rótìmí pé atẹ́gùn ló fẹ́ sí mi lójú. Ọkùnrin náà sì gbà á gbọ́, ó gbé fèrèsé sókè fún mi.

*Ilé*

Nígbà tí a ń bọ̀, Ọ̀gá Rótìmí fún wa ní gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kan, ó ní kí a gbé e fún Mùfú, kí a sọ fún un pé ohun tí èyí ń mu nìyí. Ọkọ mi gbé e sínú búùtù, ó sì fi àpò bò ó. Ó ní òun á wá ọjọ́ tó dára láti sọ ọ́.

A kò tíì sọ ẹrù tán tí Mùfú fi dé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó wo ọkọ̀ yíká, ó yọ̀ mọ́ wa. Ó ní kí òun bá wa yẹ ọ́ìlì gíà wò, nítorí ìrìn jíjìn. Bàbá Tóyìn ní rárá, kó má ṣèyọnu. Mùfú rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ìyọnu kankan níbẹ̀. Bàbá Tóyìn tún ní rárá. Ọmọ ilé ire ni Mùfú, ó mọ ohun tí "rárá" ìkejì túmọ̀ sí, ó sì ti kọrí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti lọ gbé ọ́ìlì pupa wá.

Mo wo ọkọ mi. N kò tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Mùfú, padà wá," ni ó wí. Ó ṣí búùtù, ó ká àpò kúrò, ó gbé gálọ́ọ̀nù náà lé e lọ́wọ́. "Ọ́ìlì tí o rọ ní ọdún tuntun ló ṣe é. Èyí ni ó ń mu."

Mùfú dúró, ó di gálọ́ọ̀nù mú bí ẹni gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Ojú tì í, ó sì dùn ún. Ó ní, "Bàbá, mo mà bi yín nígbà yẹn. Mo ní ṣé ọkọ̀ ń ṣe dáadáa, ẹ ní ó ń ṣe dáadáa."

Bàbá Tóyìn fọwọ́ ra orí. "O ò bi mí lẹ́ẹ̀kejì," ni ó wí.

Ní Ọjọ́bọ̀, a gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì tètè dé ìpàdé ju gbogbo àwọn tí ẹsẹ̀ wọn pé lọ. Ìsẹ́yìn ló kàn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń bọ̀ wá kí wa kú àbọ̀, Bùnmi fún mi ní ewùrà bọ̀, mo sì ti mọ̀ ọ́n sè. Bí ẹ bá dé, ẹ̀ẹ̀kan ni màá fi lọ̀ yín.